Bí A Ṣe Ń Sọ Ọmọ Scrabble Tí Kò Pé Mọ́ Di Ìtẹ́dìí Ife

Ìgò mínírà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde ní Èkó kì í pẹ́ làágùn. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ibi tó bá sì ti kan ara ìgò tútù ló ti ń di omi. Omi yẹn á rọra ṣàn lọ sísàlẹ̀, á há sáàárín ìdí ìgò àti orí tábìlì. Bí tábìlì bá jẹ́ onígi tí wọ́n kun ní fánìṣì, ẹ ó rí òrùka funfun kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ó nù ún títí, kò ní lọ. Ife tíì gbígbóná náà ń ṣe irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn tábìlì wọn fi ń tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ sábẹ́ ife, èyí tí mo máa pè ní ìtẹ́dìí ife láti ìsinsìnyí lọ.

A lè rà á, a sì lè fi ọmọ eré tó ṣẹ́kù sínú páálí ṣe é. Scrabble, eré tí a ti ń to lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, ni mo máa gbájú mọ́ jù, torí ọmọ rẹ̀ tẹ́, igun rẹ̀ gún, lẹ́tà sì wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè fi sọ ohun tó bá wù ú. Dómínò àti dráfù náà máa jẹ tiwọn. Àmọ́ kí n ti sọ èyí: púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe nǹkan yìí, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe lóge, wọ́n á gbàgbé ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ń yọ̀ kiri lórí tábìlì, tàbí tí ife ń mì lórí rẹ̀, ẹ ò ní lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe máa ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú bó ṣe máa rí.

Èyí tó yẹ ká lò, àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

Ẹ má fọwọ́ kan Scrabble tó pé. Ọmọ 100 ló wà nínú páálí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: 98 ní lẹ́tà lára, 2 jẹ́ òfìfo. Èyí tí à ń wá ni èyí tí àwọn ọmọdé ti da ìdajì rẹ̀ nù, tí kò ṣeé ta mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun ìṣeré òkìrìkà, tàbí nílé ìwé tó bá ti ra tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ẹ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù tí àwọn àjọ aláàánú ń ṣí.

Ẹ yí ọmọ kan padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà igi, igi ni, iṣẹ́ yín sì máa rọrùn, torí gọ́ọ̀mù àti fánìṣì á wọ inú rẹ̀. Bó bá dán, tí kò ní ìlà kankan, ike ni. Ike náà ṣeé lò, gọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló máa yàtọ̀.

Ọmọ kan sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 19 sí 20, ó sì máa ń nípọn tó mílímítà 4. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà mi, ẹ fi rúlà wọn tiyín, pàápàá bó bá jẹ́ pé páálí méjì lẹ dà pọ̀. Àwọn tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe kì í nípọn bákan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ife tó ń mì ti ń wá. Ẹ to gbogbo wọn sórí gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́, ẹ wá gbé rúlà irin nàró lé wọn lórí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́ rúlà, ọmọ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju àwọn ará rẹ̀ lọ. Ẹ ṣa irú wọn sápá kan.

Mẹ́rin ní mẹ́rin, ìyẹn ọmọ 16, á fún yín ní nǹkan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ó tó fún ìgò mínírà àti ife omi. Márùn-ún ní márùn-ún, ọmọ 25, á súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 10, òun ló yẹ ife tíì tó ní etí. Bí ọmọ yín bá ṣì pé 100, ẹ ó rí kékeré 6 ṣe kí 4 ṣẹ́kù, tàbí ńlá 4 gééré.

Ọmọ lúdò kéré jù, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ti ṣẹ́ẹ̀sì ń dúró bí èèyàn, kò sí ohun tí a lè tẹ́ lé e. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi ọmọ ayò ṣe é. Ó rí róbótó, ife ò ní jókòó lórí rẹ̀. Àti pé ilé tí ọmọ ayò 48 bá ti pé, ayò ló yẹ kí wọ́n máa ta níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Píláìwúùdù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ bẹ káfíńtà tó wà ládùúgbò kó bá yín gé àjákù rẹ̀ sí onígun mẹ́rin. Èyí tó nípọn tó mílímítà 3 sí 6 ti tó. Páálí lásán kò dára. Bó ti wù kẹ́ ẹ kùn ún tó, ọjọ́ kan ni omi máa rí ọ̀nà gba etí rẹ̀ wọlé, á sì wú. Àwọn kan ń lo àjákù táìlì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀. Ó wúwo, kì í ká, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù igi kì í di ojú rẹ̀ tó ń dán mú, àfi kẹ́ ẹ lo gọ́ọ̀mù oníọ̀pá méjì tí a ń pò pọ̀ (epoxy).

Fún ọmọ onígi, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, bíi Top Bond, ló dára jù. Fún ọmọ oníke, gọ́ọ̀mù oníọ̀pá méjì yẹn náà ni, tàbí gọ́ọ̀mù àwọn tó ń rán bàtà. Super glue ń yára mú lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fi èéfín funfun sára ike, kò sì lè fara da kí nǹkan já bọ́. Bí ìtẹ́dìí bá já bọ́ sórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á fò yọ.

Ẹ tún wá sáńdípépà oríṣi méjì, 120 tó le àti 400 tó kúnná, fánìṣì tí kò láwọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí irun rẹ̀ kì í já, aṣọ àkísà tó mọ́, rúlà, ọ̀rá, àti káàdì ATM tó ti kú. Ti ohun tó máa wà ní ìsàlẹ̀, màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀.

Fífọ̀

Ọwọ́ èèyàn ló ti wà lára ọmọ eré fún ọ̀pọ̀ ọdún, òróró ara sì ń bẹ níbẹ̀ tí ojú ò rí. Gọ́ọ̀mù kì í di òróró mú. Ẹ fọ oníke nínú omi ọṣẹ, kẹ́ ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ sì sá a. Onígi ní tirẹ̀, ẹ má rì í sómi. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ fi sáńdípépà 120 ha ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi di mú. Ẹ̀yìn nìkan o. Tẹ́ ẹ bá ha ojú, lẹ́tà á lọ.

Títo lẹ́tà

Ibí ni mo fẹ́ràn jù, ibí náà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ẹ lè kàn to lẹ́tà bó bá ṣe wá, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá sórí tirẹ̀ máa bá ìṣòro kan pàdé: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ka lẹ́tà inú páálí yìí fún. E pọ̀ níbẹ̀ bí omi, 12 ni. A jẹ́ 9, I náà 9, O jẹ́ 8, ìyẹn ò burú fún wa. Wàhálà tó wà ni K. Ẹyọ K kan ṣoṣo ló wà nínú páálí odindi. Ilé tí Kẹ́mi, Kọ́lá àti Kúnlé bá ń gbé pọ̀, ìjà ti dé nìyẹn. M jẹ́ 2 péré, B jẹ́ 2, G jẹ́ 3. Lódì kejì, C méjì, V méjì, Q kan, X kan àti Z kan wà níbẹ̀, méje lápapọ̀, tí a kì í fi kọ Yorùbá rárá.

Àwọn méje yìí gan-an ló máa gbà wá. Ẹ̀yìn ọmọ onígi kò ní ohunkóhun lára, ẹ dojú wọn bolẹ̀, wọ́n á di òfìfo tẹ́ ẹ lè fi dí ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá gùn tó. Ẹ sì lè fi ọ̀dà dúdú kọ K sẹ́yìn méjì nínú wọn. Kẹ́ ẹ má tíì dojú Z bolẹ̀ ṣá o, bóyá ẹ fẹ́ kọ ZOBO.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan fún oníọmọ 16. Ìlà kìíní, AGBO. Ìlà kejì, OMI àti òfìfo kan. Ìlà kẹta, TII àti òfìfo kan. Ìlà kẹrin, EMU àti òfìfo kan. Ohun mímu mẹ́rin lórí ìtẹ́dìí kan, ẹni tó bá fẹ́ mu àgbo àti ẹmu pa pọ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé M méjèèjì ti lọ sórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ to gbogbo ìtẹ́dìí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó kan gọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ má bàa dé ìkẹta kí lẹ́tà tán. Tẹ́ ẹ bá ti to wọn tán, ẹ fi fóònù ya àwòrán wọn. Ọmọ kékeré kan á kọjá, á gbá a, ẹ ó sì dúpẹ́ pé ẹ ya àwòrán.

Àmì ìsàlẹ̀ Ẹ, Ọ àti Ṣ ńkọ́? Ẹ fi igi ìtayín tọ́ ọ̀dà díẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́ ọ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà ṣeé fà bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ yín bá balẹ̀. Ẹ má lo bírò alámì tí kì í parẹ́ láìkọ́kọ́ dán an wò, torí tínà inú fánìṣì máa ń tú yíǹkì rẹ̀, á sì ràn kálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ọmọ kan tẹ́ ẹ ò ní lò, ẹ kun fánìṣì lé e, kẹ́ ẹ wò ó. Nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun ọmọ kọ̀ọ̀kan máa wà níbẹ̀ o. Àwọn kan máa ń fẹ́ pa á rẹ́. Èmi ní tèmi, mo gbà pé òun ló ń jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé Scrabble ni.

Ẹni tó ń ṣe oníọmọ 25 lè fi ìlà kan dá ẹnìkan lọ́lá. Ní ọdún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé Scrabble ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Australia, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọ̀rọ̀ FELTY wà lára ohun tó fi parí iṣẹ́ náà. Lẹ́tà márùn-ún ni, ó gba ìlà kan gééré.

Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ìpìlẹ̀

Ẹ fi sáńdípépà 120 ra etí píláìwúùdù kí ẹ̀gún má bàa wọni lọ́wọ́, ẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe igun tó máa bá yín tọ́ ọmọ sọ́nà: ẹ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ pátákó ńlá kan kí wọ́n lè pàdé ní igun kan. Ẹ fi igun bébà A4 wọn ibi tí wọ́n ti pàdé, tó bá bá a mu, igun yín gún. Ẹ tẹ́ ọ̀rá síbẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ iṣẹ́ yín mọ́ pátákó. Ẹ wá ti ìpìlẹ̀ sí igun náà.

Ẹ da gọ́ọ̀mù díẹ̀ sórí ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ fi káàdì ATM fà á kó tẹ́ pẹẹrẹ. Tó bá pọ̀ jù, á máa yọ láàárín àwọn ọmọ. Tó bá kéré jù, ọmọ á ṣí. Ìwọ̀n tó dáa ni pé kẹ́ ẹ ṣì máa rí àwọ̀ igi fírífírí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kun gbogbo ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí gọ́ọ̀mù yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láìpẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ kun ìlà kan, kẹ́ ẹ to ọmọ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Láti igun ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ti ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tó bá yọ sójú, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lójú ẹsẹ̀. Tó bá gbẹ síbẹ̀, fánìṣì kò ní mú ibẹ̀, àbàwọ́n rẹ̀ á sì hàn títí láé. Nígbà tẹ́ ẹ bá to tán, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e lórí, ẹ gbé táìlì tó tẹ́ lé ọ̀rá, ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 lé táìlì. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù funfun tó bá gbẹ dáadáa kì í funfun mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣì ń rí funfun, ẹ mú sùúrù.

Fánìṣì, àti ọ̀rọ̀ kòtò tó wà láàárín ọmọ

Ẹ ó rí i pé bó ti wù kẹ́ ẹ ti ọmọ mọ́ra tó, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín wọn, torí etí ọmọ Scrabble kò mú gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ dí i pa. Ẹ jẹ́ kó wà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ojú ìtẹ́dìí bá tẹ́ tó sì ń dán bí dígí, omi tó ṣàn láti ara ìgò á tẹ́ pẹẹrẹ sábẹ́ ìdí ìgò, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Tí àlejò bá gbé ìgò, ìtẹ́dìí á bá a gòkè, ó di àyà rẹ̀, tàbí orí kápẹ́ẹ̀tì, kó tó já bọ́. Kòtò inú iṣẹ́ wa ń ṣe nǹkan méjì: omi ń sá wọnú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọ abẹ́ ìgò. Ìgò á dá gòkè láìmú ìtẹ́dìí dání. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn fánìṣì ju résììnì lọ nìyí, ìyẹn omi kíki tí a ń dà sójú iṣẹ́ kó lè gan. Résììnì ń kún gbogbo kòtò, ó ń sọ ojú rẹ̀ di dígí. Ó rẹwà gan-an nínú àwòrán.

Ẹ lo fánìṣì polyurethane tó wà fún tábìlì àti ilẹ̀kùn. Ẹ máa kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kó gbẹ mọ́jú láàárín ọ̀kan sí èkejì. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi sáńdípépà 400 ra á jẹ́jẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún kun òmíràn. Ẹ rí i pé búrọ́ọ̀ṣì wọ inú kòtò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí inú ibẹ̀ ni omi máa dúró sí jù. Ṣùgbọ́n fánìṣì ò gbọdọ̀ gbára jọ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kun ìsàlẹ̀ àti etí píláìwúùdù náà. Àwọn tó ń fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìkùn ló máa ń ṣe kàyéfì pé ìtẹ́dìí wọn ká: apá kan ń fa ọ̀rinrin, èkejì ò fà á, igi á tẹ̀ síbi kan.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù funfun rọ́pò fánìṣì lójú rẹ̀. Ó máa dán lóòótọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ omi tútù á sọ ọ́ di funfun padà, ife gbígbóná á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú ọjọ́ ní ipa tó ń kó. Lásìkò òjò, fánìṣì máa ń pẹ́ gbẹ, lákà tí àwọn tó ń fín àga ń lò sì lè dà bí kùrukùru nítorí ọ̀rinrin tó há sí i lára. Lásìkò ọyẹ́, ó ń yá gbẹ, ṣùgbọ́n eruku á bà lé e. Ẹ kun ún nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi páálí ńlá bò ó mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí páálí kàn án. Ẹ má kun ún nídìí sítóòfù tàbí àbẹ́là. Èéfín tínà ń gbaná.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ résììnì, ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Omi méjì ni a ń pò, ìwọ̀n tí wọ́n ní ká fi pò ó yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, tí ìwọ̀n bá sì yà, kò ní gbẹ láéláé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú résììnì yìí máa ń rọ̀ lábẹ́ ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba omi gbígbóná, ìdí ife á sì fi àpá sí i, nítorí náà nǹkan tútù nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé lé e.

Ìsàlẹ̀

Kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì, ni wọ́n sábà ń lò lókè òkun. Tẹ́ ẹ bá rí i rà, ó dára, ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń rán bàtà lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, fóòmù pẹlẹbẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ dára bákan náà, kì í yọ̀. Sílípáàsì àlòkù náà ṣeé gé: ẹ fi abẹ tó mú gé róbótó mẹ́rin tó tó owó kọ́ìnì láti ara rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípọn dọ́gba. Ẹ má lo aṣọ àǹkárá nìkan, ó ń yọ̀, ó sì ń mu omi.

Gọ́ọ̀mù bàtà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ kun ún sójú méjèèjì, ẹ dúró kó gbẹ díẹ̀ títí tí kò fi ní mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́, kẹ́ ẹ tó wá pa wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá ti kanra, kò sí àtúnṣe, torí náà ẹ fojú wọn ibi tó máa bọ́ sí dáadáa.

Ìdánwò

Ẹ gbé ìtẹ́dìí sórí gíláàsì fèrèsé tàbí táìlì, ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń dún kọ́, kọ́, kò tẹ́ nìyẹn. Ẹ tẹ́ sáńdípépà 120 sórí gíláàsì, kí ojú tó le wà lókè, ẹ gbé ìtẹ́dìí lé e kẹ́ ẹ sì máa yí i káàkiri títí ìsàlẹ̀ á fi tẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìgò omi tó tutù nini lé e lọ́sàn-án gangan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gbé ìgò náà: ǹjẹ́ ìtẹ́dìí bá a gòkè? Ẹ fi bébà ìnùdí funfun nu abẹ́ ìtẹ́dìí: ǹjẹ́ ó tutù? Tó bá tutù, ẹ wo etí rẹ̀, ibì kan wà tí fánìṣì ò dé.

Dómínò àti dráfù

Dómínò ló rọrùn jù lọ nínú gbogbo wọn. Ọmọ 28 ló wà nínú páálí tí nọ́ńbà rẹ̀ dé mẹ́fà, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Nítorí náà, méjì tó bá dúró ṣẹ̀gbẹ́ ara wọn á di onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Ẹ to méjì lóòró, méjì níbùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìlà kejì, níbùú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ á fún yín ní ìtẹ́dìí kan tí àtòpọ̀ rẹ̀ dà bí híhun ẹní. Páálí kan á ṣe mẹ́ta, mẹ́rin á ṣẹ́kù. Dómínò nípọn, kò nílò píláìwúùdù tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, mílímítà 3 ti tó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù oníọ̀pá méjì lẹ̀ ẹ́, torí ike ni púpọ̀ nínú wọn. Tó bá jẹ́ ike, fánìṣì kò pọn dandan lójú rẹ̀, àfi etí píláìwúùdù.

Dráfù ní ẹwà tirẹ̀. Ọmọ róbótó mẹ́fà tó dọ́gba máa ń yí ẹyọ kan ká láìṣẹ́kù àyè, ẹ gbé méje sórí tábìlì kẹ́ ẹ wò ó. Tí ọmọ kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, méje á fẹ̀ tó 9. Nínú dráfù onílé mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọmọ 20 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní, 40 lápapọ̀, ẹ ó rí ìtẹ́dìí márùn-ún ṣe kí márùn-ún ṣẹ́kù. Dúdú mẹ́fà kí funfun kan wà láàárín, ojú á gbà á. Orí kínní-kínní ni àwọn ọmọ róbótó ti ń kan ara wọn, torí náà wọn ò lè dá dúró láìní ìpìlẹ̀; ẹ gé píláìwúùdù róbótó sábẹ́ wọn. Etí tó yọ sókè lórí ọ̀pọ̀ ọmọ dráfù oníke wúlò fún wa, omi á dúró sínú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ìdérí ìgò ta dráfù, ìdérí náà ṣeé lò. Ó fẹ̀ tó mílímítà 32, eyín 21 ló sì yí i ká. Ẹ kọ eyín náà sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù oníọ̀pá méjì kún inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì kun fánìṣì sí i dáadáa. Irin ni, ó máa ń dípẹtà.

Lílò ó

Ẹ má lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn fánìṣì ìkẹyìn, ẹ má sì tò ó léra wọn, torí fánìṣì tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ máa fi nù ún, ẹ má rì í sínú omi àwo. Tí mínírà bá dà sínú kòtò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù àti omi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèrà á dé ṣáájú àlejò. Nígbà tó bá yá tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, sáńdípépà 400 lẹ́ẹ̀kan, fánìṣì lẹ́ẹ̀kan, ó tún di tuntun.